Inú orúkọ ni àṣìṣe ti ń wọlé: ohun tí àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ kòrónà kọ́ mi n'Íbàdàn

Ká ní Táyé àti Kẹ́hìndé jọ wá ṣe àyẹ̀wò kòrónà lọ́jọ́ kan náà. Bàbá kan ló bí wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dáyé, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, nọ́mbà fóònù ìyá wọn sì ni àwọn méjèèjì kọ sínú fọ́ọ̀mù. Èsì dé, ó ní ọ̀kan ní àrùn náà, èkejì ò ní. Ta ni ká gbé lọ sí ibùdó ìtọ́jú tó wà ní Olódó? Nílùú tí ìbejì pọ̀ tó báyìí, ìbéèrè yẹn kì í ṣe àlọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni iṣẹ́ àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ mi láti ọdún 2020 sí 2022, n kì í bẹ̀rẹ̀ látorí kòkòrò àrùn. Orúkọ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, òtútù tẹ̀ lé e, aago tẹ̀ lé òtútù. Gígún abẹ́rẹ́ kì í gbà ju ká ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ lọ. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ti máa ń ṣẹlẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kan ara, tàbí lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti kúrò lórí àga.

Ẹnì kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́rin n'Íbàdàn. Rafiatu ni wọ́n ń pè é nílé kéwú, Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, Ìyá Wàsíù lọ́jà Ọjẹ́, orúkọ ọkọ ló sì wà lórí NIN. Bí o bá bi í léèrè orúkọ, èyí tó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni yóò sọ. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ ó máa wá Rafiatu káàkiri àdúgbò tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n sí Ìyá Wàsíù. Orúkọ orí NIN tàbí ti káàdì ìdìbò ni kó wà lókè fọ́ọ̀mù, kí ẹ kọ èyí tí àdúgbò ń pè é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́mbà ìdánimọ̀ ló sì ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ: òun ló ń ya Táyé kúrò lára Kẹ́hìndé. Ẹ kọ nọ́mbà náà sára ìgò tí a ó fi gba omi ara rẹ̀ kí ẹni náà tó jókòó, má ṣe jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìgbà tí ìgò mẹ́fà bá ti tò sílẹ̀. Ara ìgò ni kí lébẹ̀lì wà o, kò gbọdọ̀ wà lórí ìdérí, torí ìdérí lè bọ́ sórí ìgò ẹlòmíràn. Báírò lásán kì í pẹ́ parẹ́ tí a bá fi sípírítì nu ara ìgò, máákà tí omi ò lè pa rẹ́ ló dára.

Nígbà tí ó bá sì kan ìdánilójú, má ṣe béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Rafiatu, mà?" Ẹni tí ìbòmú bo ẹnu àti imú rẹ̀, tí ariwo sì pọ̀ yí i ká, yóò kàn mi orí fún ọ ni. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín?" ni kí o bi í, kí òun fúnra rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bákan náà ni ti nọ́mbà fóònù. Tẹ nọ́mbà náà lójú ẹsẹ̀, kó dún lápò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ló ń fún wa ní nọ́mbà ọmọ wọn tó wà l'Ékòó, ọmọ náà kì í sì í gbé ìpè tí kò mọ̀. Ẹ gba nọ́mbà méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé.

Ọjọ́ orí tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí a fi ń forúkọ sílẹ̀ kò ní gbà bí kò bá sí ọjọ́ ìbí, Bàbá tó jókòó níwájú rẹ kò sì mọ̀ ju pé òun ti dàgbà nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan á kàn kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí ọdún tó bá wù wọ́n. Nígbà tí Bàbá bá padà wá fún abẹ́rẹ́ ìkejì, òṣìṣẹ́ mìíràn á kọ ọdún mìíràn, ẹnì kan á wá di ẹni méjì nínú ìwé ìjọba. Ìtàn ìlú ni ká fi bi í: Ṣé ẹ ti ń lọ síléèwé nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ dé Ìbàdàn lọ́dún 1959? Nígbà tí wọ́n ṣí Cocoa House lọ́dún 1965 ńkọ́? Nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún lọ́dún 1972, ṣé ẹ ti fẹ́yàwó? Lọ́dún 1980 tí omi Ògùnpa ya wọlé, ọmọ mélòó lẹ ti bí? Ìbéèrè méjì nínú wọn tó láti mú ọdún náà súnmọ́ òótọ́. Kí ẹ sì kọ ọdún tí ẹ fẹnu kò sí sórí káàdì rẹ̀, kí ẹni tó máa rí i lẹ́yìn yín má ṣe ìṣirò tuntun.

Ní ti àyẹ̀wò, láàbù fáírọ́ọ̀sì tó wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lábẹ́ NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn. Kò yà mí lẹ́nu, torí láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣèwádìí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn. Oṣù kẹta ọdún 2020 ni a rí ẹni àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde pé òun náà ti kó o. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò wá jáde kúrò nílé ìwòsàn, tó dé pápá ìṣeré Adamásingbà, tí ẹlẹ́sẹ̀ àti onímọ́tò ń wá síbẹ̀.

Ibi tí swab, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gba omi imú, gbọ́dọ̀ dé kì í ṣe ihò imú tí ìka ń wọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni, níbi tí imú ti pàdé ọ̀fun. Kí ẹni náà kọ́kọ́ fun ikun dànù, kó fa ìbòmú sílẹ̀ kúrò nímú ṣùgbọ́n kó ṣì bo ẹnu, kó gbé orí sẹ́yìn. Fi swab wọn àlàfo láti ihò imú sí ihò etí lóde ara: kó má wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì dúró bó bá ti kan ògiri ẹ̀yìn. Tì í lọ ní títẹ́, bí ẹni ń lọ sí ọ̀nà etí. Ẹni tó bá tì í lọ sókè sí ọ̀nà ojú ló ń jẹ́ kí imú ṣẹ̀jẹ̀. Bí ó bá kọ́ nǹkan, má fipá tì í, yọ ọ́, lọ sí ihò kejì, nítorí egungun àárín imú ọ̀pọ̀ èèyàn wọ́ sápá kan. Bó bá ti dé ibẹ̀, yí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, jẹ́ kó dúró díẹ̀ kó mu omi ara, kí o tó máa yí i bọ̀ síta. Omijé yóò bọ́ lójú onítọ̀hún. Ojú tó bá gbẹ táútáú máa ń mú mi fura pé swab ò dé ibi tó yẹ. Ní ti swab ọ̀fun, ògiri ẹ̀yìn ni kó kàn, kó má fara kan ahọ́n.

Kì í ṣe gbogbo òwú ló ṣeé lò. Èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ òwú gidi, tí igi sì wà nídìí rẹ̀, lè ní èròjà tó ń dí PCR, àyẹ̀wò láàbù tó ń wá kòkòrò náà, lọ́wọ́. Bí a bá ti fi swab sínú VTM, omi inú ìgò tó ń pa kòkòrò náà mọ́ títí dé láàbù, ibi tí wọ́n ti fín ọ̀pá rẹ̀ ni kí a ti ṣẹ́ ẹ. Bí ó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdérí á gùn ún, kò ní dé dáadáa, omi á sì máa jò lọ́nà. Ìgò tó bá jò, láàbù kò ní gbà á, ẹni náà á tún padà wá jìyà imú lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ìgò nínú ọ̀rá pẹ̀lú bébà tó lè fa omi, ọ̀rá nínú ike líle, ike nínú kúlà. Fọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ sí nínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú ìgò.

Láti ìgbà tí a bá ti gbà á, 2°C sí 8°C ni kó wà, kó sì dé láàbù láàárín wákàtí 72. Bí ó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, firísà tó tutù dé -70°C ló kù, irú rẹ̀ kò sì sí ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Èèyàn lè rò pé wákàtí 72 pọ̀ rẹpẹtẹ láti Mọ́níyà sí UCH. Ẹ̀bi kì í sábà wà lára wákàtí o, inú kúlà ló wà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a fi sí firísà mọ́jú máa ń yọ́ tán kí oòrùn ọ̀sán tó kanrí, pàápàá bí iná NEPA bá lọ lóru. Kí kúlà ní tẹ̀mómítà nínú, kí ẹni tó ń gbé e lọ kọ ohun tó rí nígbà tó kúrò àti nígbà tó dé. Ibi tí kò bá sí àkọsílẹ̀ yìí, mi ò lè gba èsì "kò sí" rẹ̀ gbọ́ tán.

Àsìkò tí a gba omi náà tún lè sọ èsì di irọ́. Ẹni tó jókòó ti aláìsàn lánàá tó wá sáré ṣe àyẹ̀wò lónìí, ó yá jù. Bí ara kò bá tíì yí padà, ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìfarakanra ló dára jù. Èsì tó ní kò sí kòrónà, ọjọ́ tí a gba omi yẹn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. A ti rí ẹni tó fi irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe ìwé àṣẹ láti lọ sí òde ìnáwó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì dùn mí púpọ̀.

Àyẹ̀wò kíákíá tó dé lẹ́yìn náà rọrùn, àmọ́ aago ló ń bà á jẹ́. Má ya ọ̀rá rẹ̀ àfi ìgbà tí o bá fẹ́ lò ó. Iye ẹ̀kán omi tí ìwé inú páálí bá sọ ni kó o kán sí i, torí iléeṣẹ́ kan ń fẹ́ mẹ́ta, òmíràn ń fẹ́ márùn-ún. Kà á nígbà tó bá pé ìṣẹ́jú 15, kó má kọjá àkókò tí ìwé inú páálí bá sọ, ìṣẹ́jú 20 fún òmíràn, 30 fún òmíràn. Ìlà T, èyí tó ń sọ pé àrùn wà, tó bá yọ lẹ́yìn àkókò yẹn kì í ṣe èsì mọ́, èyí tó sì yọ kí àkókò náà tó pé, bó ti wù kó rí bàìbàì tó, àrùn wà níbẹ̀. Bí ìlà C, èyí tó ń fi hàn pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́, kò bá yọ, jù ú nù, mú òmíràn. Páálí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju 30°C lọ. Ẹni tó fi í sí inú búùtù mọ́tò ní oṣù kẹta n'Íbàdàn ti sè é.

Lẹ́yìn tí Gómìnà kéde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin pé òun ti bọ́, ó sọ̀rọ̀ nípa oyin àti òróró hàbátù-sáúdà tí òun ń lò. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tí a dé tí wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ oyin. Ìdáhùn tó ṣiṣẹ́ jù kì í ṣe àríyànjiyàn. Ẹ lá oyin yín, ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ má lá a, ṣùgbọ́n oyin kò lè sọ fún Ìyá Àgbà tẹ́ ẹ jọ ń sùn ní yàrá kan pé kí wọ́n sún kúrò lọ́dọ̀ yín. Àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ tó ti gbéra láti lọ ló padà jókòó nítorí ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà.

Abẹ́rẹ́ AstraZeneca àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021, ó lé ní mílíọ̀nù 3.9. Ìgò rẹ̀ kan jẹ́ ti èèyàn mẹ́wàá, 0.5 ml fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgò Johnson & Johnson jẹ́ ti èèyàn márùn-ún, 0.5 ml náà ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń gbà á nígbà náà. Ti Pfizer ìgbà náà gba ìfarabalẹ̀: a ó fi omi iyọ̀ 1.8 ml là á, a ó yí ìgò sókè-sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà mẹ́wàá láìmì ín jìgìjìgì, 0.3 ml ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó sì ń tó èèyàn mẹ́fà. Àṣìṣe tó burú jù níbẹ̀ ni kí ọwọ́ méjì wà nídìí ìgò kan, kí ẹnì kan ti là á, kí ẹnì kejì tún là á. Ẹni tó bá là á ni kó kọ aago sára ìgò lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà tí a bá ti kọ́kọ́ gún ìgò, wákàtí mẹ́fà ló ní, lẹ́yìn náà a ó da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. Ibí ni ìjà òun ọjà ti ń ṣẹlẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin jókòó, ìgò jẹ́ ti mẹ́wàá. Bí o bá ṣí i, mẹ́fà lè ṣòfò. Bí o bá ní kí wọ́n dúró de mẹ́fà, ìyá tó fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kékeré á binú lọ, kò sì ní padà mọ́. Èrò tèmi ni pé kí a ṣí i. Ìyá yẹn yóò sọ ọ́ kiri ọjà, ẹni tó sì binú lọ náà yóò sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdènà rẹ̀ ni pé kí a ti bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí orúkọ mẹ́wàá mẹ́wàá ti wà nílẹ̀, kí a sì dé kí ọjà tó gbóná. Nígbà tí Johnson & Johnson pọ̀ lọ́dún 2022 ni abúlé Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà rọrùn fún wa: ìgò kékeré, kò sí ìkejì tí a ó máa wá èèyàn kiri oko fún.

Nínú kúlà, kì í ṣe òtútù tó kéré nìkan ló ń ba oògùn jẹ́. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti firísà lè mú AstraZeneca dì, èyí tó bá sì ti dì ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ yọ́ padà tó mọ́ lójú. Gbé yìnyín náà sílẹ̀ títí o bá mì ín tí o sì gbọ́ omi nínú rẹ̀, kó o tó tò ó yí oògùn ká.

Sírínjì tí a ń lò máa ń ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn ìlò kan. Àwọn nọ́ọ̀sì tí sírínjì àtijọ́ ti mọ́ lára máa ń kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó gún ìgò. Bí wọ́n bá ti tẹ afẹ́fẹ́ náà jáde, sírínjì ti kú, kò ní fa oògùn mọ́. Fi abẹ́rẹ́ sínú ìgò láìfa nǹkan kan, ibẹ̀ ni kó o ti fà á. Iṣan èjìká ni a ń gún, abẹ́rẹ́ á dúró ṣánṣán. Ibi tí kò bá sí aṣọ títa tí a lè fi ṣe ìdábùú, obìnrin tó wọ híjáàbù tàbí bùbá ọlọ́wọ́ tóóró kò ní ṣí èjìká, a ó sì wá máa gún un nísàlẹ̀ jù. Yáàdì ánkárá méjì àti okùn kan ló ń tán ìṣòro yẹn. Abẹ́rẹ́ tí a ti lò, má ṣe dé e padà, inú páálí líle tí a ń kó wọn dà sí ni kó bọ́ sí, kí páálí má sì kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ.

Ìṣẹ́jú 15 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi jókòó lẹ́yìn rẹ̀, 30 fún ẹni tí oògùn ti bá ara rẹ̀ jà rí. Adrenaline, oògùn tí a fi ń gba ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ara rẹ̀ jà là, gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ jẹun. Àwọn tó ń dákú lójú wa, ebi àti ẹ̀rù ló sábà ń fà á. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wá. Ara gbígbóná, orí fífọ́ àti èjìká ríro lálẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ibà, párásítámọ̀ méjì ti tó. Àwọn kan ti lo oògùn ibà láìṣàyẹ̀wò, wọ́n wá sọ pé abẹ́rẹ́ ló fi ibà sí àwọn lára. Bí ara bá ṣì gbóná lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ibà nígbà náà. Ní ti àwọn ìyá ọlọ́jà, gbígba abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìsinmi wọn ló bá wọn lára mu jù. Nígbà ààwẹ̀ Ramadan tó bọ́ sí oṣù kẹrin ọdún 2021, àlùfáà mọ́ṣáláṣí tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé abẹ́rẹ́ inú ẹran ara kì í já ààwẹ̀ ṣe ju ìwé ìpolongo mẹ́wàá lọ.

Ìkéde pé wọ́n da abẹ́rẹ́ AstraZeneca 1,066,214 tó ti kọjá ọjọ́ nù l'Ábújá ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2021 dé ba àwọn èèyàn lẹ́rù. "Ṣé irú ẹ̀ kọ́ lẹ kó wá?" Àlàyé ẹnu ò tó. Fi ìgò lé wọn lọ́wọ́, kí ọmọléèwé tó bá wà níbẹ̀ ka ọjọ́ ara rẹ̀ sókè. Àṣà yìí rọrùn, mo sì fẹ́ kí gbogbo hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà máa ṣe é fún gbogbo abẹ́rẹ́.

Oṣù kan náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàdì tàbí èsì PCR lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹni bẹ́ẹ̀ tan ara rẹ̀ jẹ. Orúkọ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì rẹ̀ bébà lásán ni, àwọn tó fẹ́ lọ sí Hájì lọ́dún 2022 sì nílò káàdì tó ṣeé yẹ̀ wò. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, ẹ rí i pé wọ́n kọ yín sínú ìwé ńlá, kẹ́ ẹ sì padà lọ béèrè láàárín ọ̀sẹ̀ kan bóyá wọ́n ti gbé e sórí ẹ̀rọ.

Àwọn tó tọ́jú káàdì jù ló tún há sínú wàhálà mìíràn: wọ́n gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Agbówó, wọ́n fi láminéṣọ̀n bò ó. Nígbà tí àfikún abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, fún ẹni tó ti pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn AstraZeneca ẹlẹ́ẹ̀kejì tàbí oṣù méjì lẹ́yìn Johnson & Johnson, báírò ò kọ lórí ọ̀rá. Wọ́n ní láti gba káàdì tuntun, tí ìtàn abẹ́rẹ́ ti ìṣáájú kò sí lórí rẹ̀. Ọ̀rá tó ṣeé ṣí ni kẹ́ ẹ fi káàdì sí, kẹ́ ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sórí fóònù, kí batch number, nọ́mbà ìpín tí oògùn náà ti wá, hàn ketekete.